Ètò Ọkọ̀ àti Iṣẹ́ fún Àwọn Akàndá ní Abẹ́òkúta: Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé, àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akàndá ni iṣẹ́ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta láìjẹ́ pé wọn kò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀nà ni kò jẹ́ kí wọ́n máa débẹ̀ lásìkò, tàbí kó jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni ó ń jẹ owó oṣù wọn tán. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn láti Adátán lọ sí Òkè-Mósàn, ẹni tí kò ríran tí ó ń ti Láfẹ́nwá lọ sí Ìdí-Abà, àti adití tí ó ń wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá ní Pánsẹ́kẹ̀, ìṣòro wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí: ọ̀gá yóò ní òṣìṣẹ́ yìí kì í tètè dé, òṣìṣẹ́ náà yóò ní ọkọ̀ ni kò gbé òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí wọn ì bá fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Akàndá tí ó ń wá iṣẹ́, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pẹ̀lú àwọn ẹbí tí ń bá a ṣètò. Ìmọ̀ràn tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kí ẹ má ṣe ya ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Ẹ wo ọ̀nà kí ẹ tó kọ ìwé ìwáṣẹ́, ẹ bá agbanisíṣẹ́ sọ ọ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé, kí ẹ sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílé.

Ẹ rin ọ̀nà náà kí ẹ tó kọ̀wé

Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ tí ẹ ń fojú sọ́nà fún ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, ní aago tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń wọlé gan-an. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Àìkú tí títì dá, ẹ má sì lọ ní aago mọ́kànlá tí ìrọ́kẹ̀kẹ̀ ti lọ sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ẹ ó rí nígbà náà kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa bá pàdé lójoojúmọ́. Ní aago méje àárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé, òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ọlọ́jà ni ó jọ ń du ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ tí ó sì ń wá èrò kíákíá kì í fẹ́ dúró de ẹni tí yóò pẹ́ kí ó tó wọlé. Bí ẹ bá ti lè fojú ara yín rí i, tàbí kí ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ, ẹ ó mọ iye aago tí ó yẹ kí ẹ ti kúrò nílé.

Ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830 kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Ibi tí ó dà bí ẹni pé kò jìnnà lójú àwòrán ilẹ̀ inú fóònù lè jẹ́ òkè tí kò ṣeé ti àga onítáyà gùn, tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò gbé àga náà lọ fúnra rẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó nìkan ṣe ìdíwọ̀n. Ẹ ka ibi tí gọ́tà wà tí pákó tí wọ́n fi bò ó kò fẹjú. Ẹ wo ibi tí takisí máa ń já èrò sí, àti bóyá ó kù díẹ̀ kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tàbí ó ku gbọọrọ. Ẹ wo bóyá ẹ ó ní láti sọdá títì, nítorí pé afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ní àtẹ̀gùn kò wúlò fún ẹni tí ó wà lórí àga. Ẹ tún ọ̀nà náà rìn lẹ́yìn òjò bí ó bá ṣeé ṣe. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, ọ̀nà yẹn ni ẹ ó máa rìn, kì í ṣe ti ọyẹ́.

Bí ẹ bá ti dé ilé iṣẹ́ náà, ẹ béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tijú láti béèrè nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ láìlo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó wà tí ẹ̀rọ agbénigòkè kò sì sí, ọ̀rọ̀ náà ti di ara ohun tí ẹ ó bá ọ̀gá jíròrò.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣe ìṣirò owó. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin orílẹ̀-èdè yìí fi lọ́lẹ̀ ní 2024 ni ₦70,000, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ tiwọn di ₦77,000 ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ kò lè wọ ọkọ̀ èrò, tí ó sì jẹ́ pé dọ́ọ̀pù, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ̀yin nìkan háyà, ni ẹ ó máa wọ̀ ní ₦1,500 lálọ, ₦1,500 lábọ̀. Ọjọ́ 22 lóṣù yóò gba ₦66,000, èyí tí yóò ku nínú ₦77,000 kò ju ₦11,000 lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ni, tí ẹ ń san ìjókòó méjì kí ẹ lè ráyè na ẹsẹ̀, ní ₦400 fún ìjókòó kan, yóò jẹ́ ₦35,200 lóṣù, ₦41,800 yóò sì kù. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí; ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà ní ọ̀nà tiyín sí i. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, kò sí ẹni tí ó lè fi iye ti ọdún tó kọjá ṣètò ọdún yìí. Iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó wà nítòsí ilé lè mú owó wọlé ju èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún lọ. Ẹni tí ó ń gbé Abẹ́òkúta tí ó sì ń wo àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ewékorò tàbí ní Ọ̀tà yẹ kí ó rò ó dáadáa, nítorí pé ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta gba Ìfọ̀ lọ sí Sángo-Ọ̀tà ti pẹ́ tí ó ti ń bà jẹ́, ara tí kò le kì í fara da gbígbọ̀n yẹn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ilé sí ìtòsí ibẹ̀ kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà.

Ọkọ̀ wo, ìjókòó wo?

Takisí kékeré, kórópe, kẹ̀kẹ́ Máruwá àti ọ̀kadà ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ èrò láàrin ìlú. Nínú gbogbo wọn, mo fara mọ́ takisí fún ẹni tí ó ń lo ọ̀pá tàbí àga onítáyà, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí dáadáa, ìjókòó rẹ̀ kò ga, ẹni tí ó wà lórí àga sì lè fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ bọ́ sórí ìjókòó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé búùtù ọkọ̀ kékeré kì í gba àga tí kò ṣeé ká. Bí ẹ bá ń ra àga tuntun, tàbí tí ẹnìkan fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, ẹ béèrè èyí tí ó ṣeé ká, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ sì ṣeé yọ láìlo irinṣẹ́. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u dáadáa, kí ẹ lè máa júwe rẹ̀ fún awakọ̀ ní gbólóhùn méjì péré. Awakọ̀ tí ó bá rí i pé kò ní pẹ́ kì í ṣàròyé púpọ̀.

Iwájú ni kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ká jókòó sí, níbi tí wọ́n máa ń kó ènìyàn méjì sí. Bí agbára bá gbé e, kí ó san owó ìjókòó méjèèjì. Ẹ dúnàádúrà owó àga àti ẹrù kí ẹ tó wọlé, kí gbogbo èrò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra ni wọ́n máa ń sọ pé àga náà ní owó tirẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Máruwá dára fún ọ̀nà kúkúrú àti àdúgbò tí takisí kì í wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹni tí kò bá lè di irin mú dáadáa gbọ́dọ̀ jókòó sí àárín. Ní ti ọ̀kadà, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára nímọ̀ràn láti máa fi í lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ohun àṣírí pé ọ̀kadà wà lára ohun tí ó sọ àwọn mìíràn nínú wa di akàndá.

Ẹni tí kò ríran yẹ kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí ó sì dárúkọ ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ó tún un sọ bí ó bá ti ku ibùdókọ̀ kan tàbí méjì. Kí ó má gbára lé awakọ̀ nìkan. Fóònù Android ní TalkBack, iPhone sì ní VoiceOver, àwọn méjèèjì ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù síta. Bí ẹ bá ṣí Google Maps tí ẹ sì fi gbohùngbohùn etí kan ṣoṣo sétí, yóò máa sọ ibi tí ẹ dé, etí kejì yóò sì wà fún títì. Bí ẹ bá ti rin ọ̀nà kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ara yín náà yóò mọ̀ ọ́n: ibi tí ọkọ̀ ti ń gun òkè, ibi tí ó ti ń yí, ibi tí ariwo ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún adití, "Ó wà o!" tí gbogbo èrò fi ń dá ọkọ̀ dúró ni wàhálà. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ sórí káàdì líle ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ẹ kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé adití ni yín àti pé ẹ ó fọwọ́ kan èjìká awakọ̀ tàbí kọ̀ǹdọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó san owó. Ẹ mú ṣéńjì dání pẹ̀lú, nítorí pé àríyànjiyàn lórí ṣéńjì ni ó máa ń le jù fún ẹni tí kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Wíwá awakọ̀ kan pàtó

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti ojoojúmọ́, ẹ má ṣe máa jáde lọ bá ọkọ̀ tí ẹ bá ṣe kòńgẹ́. Ẹ wá awakọ̀ takisí tàbí onímáruwá kan ní àdúgbò, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiyín, tí ó sì ń gba ọ̀nà yẹn kọjá láàárọ̀ lọ́nàkọnà. Awakọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gba owó tí ó dín sí ti dọ́ọ̀pù, nítorí pé yóò ṣì gbé èrò mìíràn mọ́ yín, ẹ̀yin sì ni yóò kọ́kọ́ gbé. Ẹ máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìsanwó ojoojúmọ́ ń jẹ́ kí ó lè fi yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ìsanwó oṣooṣù tí a ti san sílẹ̀ sì lè di gbèsè lọ́rùn rẹ̀ bí ọkọ̀ bá bà jẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fún ẹnìkan nílé ní ẹ̀dà kan. Ẹ ní awakọ̀ kejì tí ẹ mọ̀, kódà bí ẹ kò bá tíì lò ó rí.

Bí ẹ bá ní láti máa wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, bíi ti Kútò, ẹ lọ kí alága ibẹ̀ ní ọ̀sán nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kí ẹ mú ẹnìkan tí ó mọ̀ ọ́n dání. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago tí ẹ ó máa wá, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ẹ fẹ́, kí ó sì bá àwọn agbèrò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu alága jáde ń ṣiṣẹ́ ju òfin tí a lẹ̀ mọ́ ògiri lọ ní gáréèjì, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé èrò tí ń sanwó ni yín, kí àánú má wọ ọ̀rọ̀ náà; ẹni tí wọ́n bá ń ṣàánú lónìí, wọ́n lè sọ lọ́la pé ó ti ń yọ àwọn lẹ́nu.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn lè gbé ọkọ̀ ojú irin yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021, tí ibùdó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà ní Láderin, tí wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Kò sí gbígbọ̀n lójú ọ̀nà, ààyè sì wà nínú rẹ̀ ju inú bọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í lọ léraléra, ibùdó náà kò sì sí láàrin ìlú, nítorí náà ẹ ṣírò owó takisí lọ sí Láderin mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò bí wọn yóò ṣe ràn yín lọ́wọ́ láti wọlé.

Ìwé ìwáṣẹ́ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lójú òpó ìwáṣẹ́ ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní ọ́fíìsì National Directorate of Employment, kí ẹ sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akàndá, bíi Joint National Association of Persons with Disabilities tí a mọ̀ sí JONAPWD, nítorí pé ọ̀pọ̀ àǹfààní ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ pé akàndá ni yín? Èrò mi ni pé bí ìpèníjà náà kò bá ní í ṣe pẹ̀lú bí ẹ ó ṣe dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ ìmọ̀ àti ìrírí yín nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè yín, ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, nínú lẹ́tà tàbí ímeèlì, ohun tí ẹ nílò: yàrá ìsàlẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè àwọn adití, tàbí ìbéèrè ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà tí ń kàwé síta. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ tí ó wá bá àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta pàdé ti lo agbára rẹ̀ tán kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kan.

Nínú yàrá náà, ìbéèrè tí wọ́n máa ń fẹ́ bi yín tí ojú máa ń tì wọ́n ni bí ẹ ó ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà àti bí ẹ ó ṣe máa dé. Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ sọ pé ẹ ti rin ọ̀nà náà ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, pé ẹ ti ní awakọ̀, àti iye ìṣẹ́jú tí ó ń gbà. Afọ́jú tí ó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání tí ó sì fi NVDA hàn wọ́n, ìyẹn ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta tí kì í gba owó, yóò ti dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Adití lè fi Live Transcribe ti Google hàn wọ́n, èyí tí ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di ìkọ̀wé lójú fóònù. Kì í mọ ohùn wa dáadáa ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ ìyẹn náà fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àdéhùn tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé

Bí wọ́n bá ti sọ pé àwọn fẹ́ gbà yín, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rọrùn jù láti sọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ohun tí ẹ bá béèrè yóò dà bí ẹ̀bẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni aago. Ẹ béèrè láti máa wọlé ní aago mẹ́sàn-án kí ẹ sì máa jáde ní aago mẹ́fà, tàbí kí ẹ tètè wọlé kí ẹ tètè jáde, kí ẹ lè yẹra fún àkókò tí àwọn èrò ń du ọkọ̀. Wákàtí iṣẹ́ kò dín, kò sì ná agbanisíṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Ohun kejì ni ibi tí ẹ ó jókòó sí: yàrá ìsàlẹ̀, ìtòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun kẹta, fún iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ni pé kí ẹ máa ṣe é láti ilé ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, àti ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ débi tí ọ̀nà kò ṣeé gbà. Bí ilé iṣẹ́ bá ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ilé yín kọjá.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà ojú ewé kan, kí ẹ lẹ ìwé dókítà láti ilé ìwòsàn ìjọba mọ́ ọn bí wọ́n bá béèrè. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Inú mi dùn láti gba iṣẹ́ yìí. Nítorí pé àga onítáyà ni mo ń lò, mo bẹ̀bẹ̀ kí n máa wọlé ní aago mẹ́sàn-án kí n sì máa jáde ní aago mẹ́fà, kí n lè rí ọkọ̀ wọ̀. Ilé mi wà ní àdúgbò báyìí, ọ̀nà báyìí ni mo sì ń gbà wá. Mo fẹ́ kí a kọ àdéhùn yìí mọ́ ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi." Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má yọ àdírẹ́sì ilé yín àti ọ̀nà tí ẹ ń gbà kúrò nínú lẹ́tà náà. Employee's Compensation Act ti 2010 sọ pé òṣìṣẹ́ tí jàǹbá bá ṣe lójú ọ̀nà láàrin ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú, níwọ̀n ìgbà tí agbanisíṣẹ́ bá ti mọ ibi tí ilé náà wà ṣáájú. Àjọ Nigeria Social Insurance Trust Fund (NSITF) ni ó ń san owó náà, láti inú ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń dá síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàrin ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàrin ọjọ́ 7. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, akàndá àti ẹni tí kì í ṣe akàndá, ni kò mọ̀ pé orí ọ̀nà wà nínú òfin yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ń san tiwọn.

Ohun tí òfin fi síkàáwọ́ yín

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2018 tí ó de yíya àwọn akàndá sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kínní 2019, ni ẹ ó máa tọ́ka sí jù lọ. Ó sọ pé akàndá ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ bíi ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ti torí ìpèníjà ara fi ẹ̀tọ́ yìí dù yín, owó gbà-máà-bínú tí yóò san fún yín kò gbọdọ̀ dín ní ₦250,000; bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, ₦500,000 ni, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò sì san ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin náà tún sọ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ kí akàndá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. "Bí ó bá ti ṣeé ṣe tó" yìí ni ihò tí ọ̀pọ̀ ń gbà yọ, ṣùgbọ́n ó ṣì tó ohun tí a lè fi béèrè ní Òkè-Mósàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, pé mélòó ni ó ti wà níbẹ̀.

Ní ti ọkọ̀, ó sọ pé kí ọkọ̀ ìjọba, gáréèjì àti ibùdókọ̀ ní ohun tí ẹni tí ó wà lórí àga lè gbà gòkè, pé kí awakọ̀ dúró pátápátá kí akàndá tó wọlé tàbí kí ó tó sọ̀kalẹ̀, pé kí àwọn èrò yòókù sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wọlé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ kí àwọn ilé àti ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò fi di èyí tí akàndá lè lò, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní oṣù Kínní 2024. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Sápọ́n mọ iye tí ó ti ṣẹ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń sunkún, à máa ríran: ohun tí òfin náà fún yín lágbára láti ṣe ní báyìí ni kí ẹ fi tó àwọn aláṣẹ tí ó ni ibẹ̀ létí, bí ilé tàbí ibùdókọ̀ kan bá ní ìdènà tí kò jẹ́ kí ẹ lè lò ó, dandan sì ni fún wọn láti mú ìdènà náà kúrò.

Bí wọ́n bá lé yín níbi iṣẹ́, tàbí tí wọ́n gba ìwé yín tán tí wọ́n wá kọ̀ yín nítorí ìpèníjà ara, ẹ kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ jọ: lẹ́tà, ímeèlì, ọ̀rọ̀ WhatsApp, ọjọ́ àti aago tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ, àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, kí ẹ fún un ní ọjọ́ tí yóò fi dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí National Commission for Persons with Disabilities, kí ẹ sì lọ sí National Human Rights Commission, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ bá Legal Aid Council. National Industrial Court ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò bóyá òfin ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ dúró lé, nítorí pé ọ̀rọ̀ títì àti ibùdókọ̀ kì í sábà gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Lẹ́tà tí ó jẹ́ ti ibùdókọ̀ tàbí gọ́tà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ dárúkọ ibẹ̀ gan-an, ẹ sọ ohun tí ó ń dí yín lọ́wọ́, ẹ lẹ fọ́tò méjì mọ́ ọn, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, bíi pé kí wọ́n fi kọnkéré bo gọ́tà iwájú ibùdókọ̀ ní ìwọ̀n tí àga onítáyà lè gbà kọjá. Bí àwọn akàndá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń lo ibẹ̀ bá jọ buwọ́ lù ú, ó dára jù. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, ẹ gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ẹ̀ka iṣẹ́ tí ó ni títì náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà kejì lójú yín, kí ẹ sì gbé èyí tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ padà sílé.